Sọ fún Bíríkìlà Kó Má Wá Mọ́

Ayédé-Èkìtì,
Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú Àjíǹde, 2005.

Ọládiípọ̀ ọmọ mi, àkọ́bí mi, ọkọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé Èkó ń tọ́jú rẹ bí mo ṣe tọ́jú rẹ kí n tó yọ̀ǹda rẹ fún un? Ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé oorun ń wá, ṣé inú kì í run ọ́ mọ́ bó ṣe máa ń ṣe tí o bá jẹ ẹ̀wà lálẹ́? Ọlọ́run tó mú ọ dé ibi tí o dé kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ yọ̀. O ò ní ṣìnà, o ò ní ṣìṣe, ẹni tó bá ń wá ọ bọ̀ fún ibi, ilẹ̀kùn títì ni yóò máa bá. Àmín. Tí o kò bá ṣe àmín yẹn síta, padà lọ ṣe é kí o tó máa kà á lọ, nítorí àdúrà tí a kò ṣe àmín sí, ìsaasùn tí kò ní ìdérí ni.

Ara tèmi náà le, ọpẹ́ ni. Orúnkún mi òsì ṣì ń sọ̀rọ̀ bí òjò bá fẹ́ rọ̀, ṣùgbọ́n èmi àti òun ti mọwọ́ ara wa. Lẹ́tà ni mo kọ nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ kò ṣeé sọ lórí fóònù. Mo ti dán an wò. Mo lọ bá obìnrin tó ń ta ìpè lábẹ́ agboòrùn ní oríta, mo kí ọ, mo kí ibi iṣẹ́ rẹ, mo kí onílé rẹ, mo fẹ́ẹ́ bèèrè àlàáfíà Mobọ́lá ìyàwó àfẹ́sọ́nà rẹ, ló bá ní owó mi ti tán. Mo ní ọ̀rọ̀ kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ó ní ẹ̀rọ ò mọ ìyẹn. Irú ẹ̀rọ wo ló ń ka ìkíni mọ́ ọ̀rọ̀? Ẹni tó ṣe é kò ní ìyá ni.

Kókó ọ̀rọ̀ nìyí, jókòó kí o tó kà á: sọ fún bíríkìlà rẹ kó má wá mọ́. Awakọ̀ tó ń lọ sí Èkó lówùúrọ̀ ọ̀la ni mo máa fún ní lẹ́tà yìí, kó lè bá ọ kí Sátidé tó pé.

Ìgbà tí lẹ́tà tìrẹ dé ní ìbẹ̀rẹ̀ Lẹ́ńtì, mo kọ́kọ́ fi ijó gbà á. Ìgbà tí mo kà á tán ni ijó kúrò lẹ́sẹ̀ mi. O ní ẹbí Mobọ́lá ń bọ̀ wá mọ̀ wá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé Àjíǹde, o ní ọ̀làjú ni wọ́n, o ní bíríkìlà yóò wá wó ilé ìdáná mi ní Sátidé tó ṣáájú kí wọ́n má baà fojú rí i. O ní oúnjẹ tí wọ́n máa jẹ yóò wá láti Adó, nínú ike. O ní tí owó bá dé lọ́jọ́ iwájú, wàá kọ́ oníbúlọ́ọ̀kù síbẹ̀. O wá fi fọ́tò ilé ìdáná kan sínú àpò ìwé náà, o kò sọ ẹni tó ni ín, o kàn ní kí n wò ó kí n lè rí ibi tí ayé dé.

Ọkọ mi, ó dùn mí. N kò ní purọ́. Mo jókòó sórí àpótí ìdáná mi, mo sunkún, kì í sì í ṣe èéfín ló fà á. Bàbá rẹ ló mọ ilé yẹn. Oyún rẹ ló wà nínú mi lọ́dún náà, ìta gbangba ni mo ti ń dáná, òjò a sì máa pa iná mọ́ mi lójú. Bàbá rẹ ti oko kòkó dé lọ́jọ́ kan, ó bá mi níbi tí mo ti fi agboòrùn bo ìkòkò tí òjò sì ń pa èmi fúnra mi. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ po amọ̀. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ṣì wà lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, níbi tó fara tì kí amọ̀ tó gbẹ. Ilé yẹn ni kí bíríkìlà wá ki ṣọ́bìrì bọ̀ torí pé ojú ń tì ọ́?

Nígbà tí mo sunkún tán, mo nu ojú, mo gbé fọ́tò lọ sínú oòrùn, mo wò ó dáadáa. Ilé ìdáná náà mọ́, ẹ̀mí mi kò lè sẹ́ ẹ. Táìsì funfun ló wà lára ògiri, òdòdó pupa róbótó kan láàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan. Omi ń ti ara ògiri wá. Wọ́n gbé àpótí kan kọ́ sókè iná, mo mọ ìyẹn, àjà tí wọ́n fi ń yan ẹja ni. Wọ́n ta nǹkan tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ kan sójú fèrèsé, imọ̀ ọ̀pẹ tí wọ́n ya tí wọ́n kùn ní ọ̀dà funfun ni. Ohun tó kàn bà mí lọ́kàn jẹ́ ni ibi ìdáná: ojú iná mẹ́rin ni mo kà lórí ẹyọ àdògán kan. Mo ní háà, obìnrin mẹ́rin lábẹ́ ọkọ kan ṣoṣo, wọn ò tilẹ̀ fún kálukú ní àdògán tirẹ̀! Mo wá odó títí, n kò rí odó. Mo yí fọ́tò sẹ́yìn, bóyá odó wà lódì kejì, kò sí níbẹ̀. Àánú ẹni tó ni ilé ìdáná náà ṣe mí dénú. Láti alẹ́ ọjọ́ náà ni mo ti ń dárúkọ rẹ̀ nínú àdúrà, pé obìnrin tí n kò mọ̀ yìí, Ọlọ́run, fún un ní odó tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n mo sọ fún ara mi pé àwọn nǹkan tó kù nínú fọ́tò yìí, kò sí èyí tí ọwọ́ mi ò ká. Kò dìgbà tí a bá wó ilé kí ilé tó di tuntun. Tí aṣọ bá dọ̀tí, ṣé jíjó là ń jó o?

Mo kó gbogbo ẹrù síta. Mo fi àdá tó ti kújú họ dúdú èéfín kúrò lára ògiri, mo fi kànrìnkàn àti eérú fọ àwọn ìkòkò títí tí mo fi ń rí ojú ara mi nídìí wọn. Mo po amọ̀ mọ́ ìgbẹ́ màlúù, mo fi dí gbogbo ibi tó là, mo rẹ́ ẹ títí ó fi ń dán. Pákó tí bàbá rẹ fi ń sá kòkó wà lẹ́yìnkùlé tí ikán fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ tán, mo ṣa èyí tó ṣì dára níbẹ̀, káfíńtà kàn án mọ́ ògiri ní pẹpẹ, mo to àwo tánganran ìgbéyàwó mi sórí rẹ̀. Bàbá Awórìndé, alágbẹ̀dẹ tó múlé gbè wá, ẹni tí o mọ̀ pé Ògún ló ń bọ láti kékeré, wá bá mi lu fèrèsé, èéfín sì ń bá ibẹ̀ jáde báyìí wọ́ọ́rọ́wọ́. Òun náà ló fi àwọn irin àlòkù ṣe ìdúró gíga kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri níta, a gbé dúrọ́ọ̀mù lé e, a gba ara ògiri fi páìpù sí i, a fi táàpù sí i nínú. Òjò ń ti orí páànù sínú dúrọ́ọ̀mù, èmi ń yí táàpù. Ìgbà tí omi kọ́kọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, mo pariwo débi pé Bàbá Awórìndé fò sẹ́yìn, ó ní ẹ kú uṣẹ́ o, Ìyá Ládi, ẹ ti di Ìyá Ìjọba.

Ó wá ku táìsì. Mo lọ sí ọjà Ìkọ̀lé, mo ra ẹfun, mo ra osùn. Ẹfun ni mo fi kun gbogbo ògiri tó fi funfun báláú, àfi ojú ibi tí àtẹ́lẹwọ́ bàbá rẹ wà, n kò kan ìyẹn. Mo wá ti ìka bọ osùn, mo ń tẹ̀ ẹ́ róbótó róbótó, ní ìlà, ní ìlà, bó ṣe wà nínú fọ́tò gẹ́lẹ́. Ọrùn fẹ́rẹ̀ẹ́ kán mi. Nígbà tí Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ kọjá, imọ̀ ọ̀pẹ tó ṣẹ́kù ní ṣọ́ọ̀ṣì pọ̀, èmi ni olórí àwọn tó kó o wá, mo bá gbé e délé, mo ya á tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, mo ta á sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Mo bọ́ sẹ́yìn, mo wò ó, mo wo fọ́tò, mo jó yí ká àgbàlá.

Ọmọ mi, iwájú ni mo ń wò, n kò wo ẹ̀gbẹ́. Ẹfun lára ògiri, osùn lójú ẹfun, màrìwò lẹ́nu ọ̀nà, òkìtì irin alágbẹ̀dẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Ọmọ inú ilé míṣọ̀n ni mí, ọkàn mi kò lọ síbẹ̀ rárá. Bíńgò ajá wa ni ọkàn rẹ̀ kọ́kọ́ lọ síbẹ̀. Ó ti òde dé, ó rí màrìwò, ó rí irin, ó dúró, ó gbọ́ òórùn nǹkan kan, ló bá fẹsẹ̀ fẹ. Ìlú gbogbo ló mọ ẹran tí Ògún fẹ́ràn, ajá náà sì mọ̀ ọ́n. Ilé Àdùkẹ́, ìyá Ìrètí, ẹni tá a jọ wà nínú Ẹgbẹ́ Ìyá, ló sá lọ. Lọ́jọ́ kejì, ọdẹ kan tí n kò mọ̀ rí tó ń ti ọ̀nà Ifisin bọ̀ yà wọ àgbàlá, ó ṣí fìlà, ó gbé obì kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná mi, ó wúre, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Mo ní ọmọlúwàbí wà láyé ṣá, ẹni tí a kò mọ̀ rí ló wá kí mi kú oríire ilé. Mo fi obì náà ṣe àlejò Bàbá Awórìndé. Ó bi mí ibi tí mo ti rí i, mo sọ fún un, ó wo ilé ìdáná mi lókè, ó wò ó nísàlẹ̀, ó wá rẹ́rìn-ín títí ó fi di odi mú. Ó ní gbogbo ọjọ́ ayé òun tí òun ti ń bọ Ògún, òun kò rí owó fún un ní irú táìsì báyìí. N kò mọ ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín. Ó fún mi ní òyà kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, ó lọ.

Àdùkẹ́ ní tirẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó wá dá Bíńgò padà, ó yọjú sí ẹ̀yìnkùlé, ó sì padà tòun ti ajá. Kí oúnjẹ ọ̀sán tó délẹ̀, gbogbo Ayédé ti gbọ́ pé èmi Àpínkẹ́ Ẹgbẹ́ Ìyá ti gbé ojúbọ Ògún kalẹ̀ nínú Ọ̀sẹ̀ Mímọ́. Èmi nìkan ni kò gbọ́.

Àná ni ọ̀rọ̀ wá dójú ẹ̀. Mo ti gbé iṣu kaná ni obìnrin kan wọlé, ó gbé báàgì há abíyá, bàtà pẹlẹbẹ ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ń wo gọ́tà, ó ń wo igun ilé. Bí mo ti rí i ni mo ti mọ̀ pé wolé-wolé ni, àwọn tó máa ń wá wo ẹni tí ilé rẹ̀ dọ̀tí. Inú mi dùn, mo ní ó bọ́ sásìkò. Ó kúnlẹ̀ kí mi, mo ní wọ́n ti ń kọ́ àwọn wolé-wolé níwà. Ó bèèrè ẹni tó bí bàbá rẹ, ó bèèrè ikú tó pa á, ó bèèrè bóyá wèrè wà lẹ́bí wa, bóyá wárápá wà. Mo ní ìjọba mà ń gbìyànjú o, wọ́n ti ń yẹ orí wò pẹ̀lú ilé. Mo ní kò sí wèrè kankan lẹ́bí wa, àfi àbúrò bàbá rẹ tó du ipò kaǹsílọ̀, òun náà sì ti gbádùn. Ó bèèrè ìwà rẹ. Mo ní ọmọ dáadáa ni ọ́, o ò mutí, o ò mu sìgá, àfi pé ojú ilé ìdáná mi ń tì ọ́ tí o sì fẹ́ wó o. Má bínú, mo rò pé ìjọba ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Ó ní kí n mú òun lọ sẹ́yìnkùlé. Mo fa màrìwò sápá kan fún un, ó yọjú, ó kígbe Jésù! Mo ní ẹ ṣé o, ó yẹ kí ẹ rí i kó tó dà báyìí. Ló bá yọ Bíbélì nínú báàgì, ó nà án síwájú. Mo rò pé wọ́n fẹ́ kí n búra pé kò sí ẹ̀fọn nínú dúrọ́ọ̀mù mi ni, mo bá gbé ọwọ́ lé Bíbélì náà, mo búra. Ó wò mí. Ó bèèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé irú nǹkan wo ni àwọn àmì ara ògiri yìí. Mo ní táìsì ni, mo bá yọ fọ́tò níbi tí mo fi í pa mọ́ sí lórí pẹpẹ, mo ní kó fi wé e.

Ó wo fọ́tò, ó wo ògiri, ó tún wo fọ́tò. Ó wá bi mí pé níbo ni mo ti rí ilé ìdáná òun.

Ọládiípọ̀, ìyá Mobọ́lá ni! Ilé ìdáná rẹ̀ lo yà ní fọ́tò tí o fi ń dójú tì mí! Ó ní òun wá wádìí ilé tí ọmọ òun ń lọ ni, bí ìyá tó bá lọ́mọ obìnrin ṣe gbọ́dọ̀ ṣe, òun ò sì sọ fún ẹ̀yin méjèèjì. Ó ní nígbà tí òun bèèrè ilé wa ní oríta, wọ́n ní ilé obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì tó gbé ojúbọ Ògún sẹ́yìnkùlé ni. Ó ní òun ti ń wá mọ́tò tí òun máa bá padà, òun ti mọ ohun tí òun máa sọ fún Mobọ́lá, pé ìgbéyàwó yìí ti parí. Ẹsẹ̀ ni kò jẹ́ kí òun lọ láìfojú rí i.

Ìgbà yẹn ni èmi fúnra mi yíjú wo ilé ìdáná mi bí àlejò ṣe ń wò ó. Ẹfun, osùn, màrìwò, irin! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọwọ́ ara mi tú ìgbéyàwó ọmọ mi ká. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́. Obìnrin náà ni mo gbọ́ tó bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín, gèlè jábọ́, ó jókòó tì mí. Èmi náà bá bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí a simi, mo bèèrè àlàáfíà àwọn orogún rẹ̀ mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní òun nìkan ni lábẹ́ ọkọ òun, ojú iná mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti òun ni. Mo ní àjà ẹja ńkọ́? Ó ní èéfín ló ń fà. Mo ní níbo wá ni ẹja ń gbé?

Mo bèèrè odó. Ọ̀rọ̀ yẹn ló pa ẹ̀rín rẹ̀. Ó ní òun ò gún iyán láti ọdún tí wọ́n ti fi táìsì sílẹ̀, ó lè fọ́ ọ, àwọn ará ìsàlẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yóò sì máa pariwo. Ó ní èlùbọ́ inú ọ̀rá ni àwọn ń rò nínú omi gbígbóná tí àwọn ń pè ní iyán. Mo fọwọ́ bo ẹnu. Iṣu mi ti jinná ní gbogbo àkókò yìí, mo kó o sódó, kí n tó gbé ọmọrí odó sókè, ó ti gbé ìkejì. Àwa méjèèjì gún un, òun sọ, èmi sọ, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọge. Ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tí mo fi òyà Bàbá Awórìndé sè la fi jẹ ẹ́.

A ṣì ń jẹ ni Àdùkẹ́ dé pẹ̀lú àwọn àgbà ìjọ méjì, wọ́n ń kọrin, wọ́n ní àwọn wá lé Ògún jáde. Ìyá Mobọ́lá dìde tòun ti ọbẹ̀ lọ́wọ́, ó ní kí wọ́n wọlé wá wo ilé ìdáná àna òun. Bí òórùn òyà ṣe bá àwọn àgbà ìjọ lẹ́nu ọ̀nà, orin wálẹ̀. Wọ́n fọ ọwọ́ lẹ́nu táàpù, kálukú fúnra rẹ̀ ló yí i, ọ̀kan yí i lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí wọ́n ń lọ, Àdùkẹ́ fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní ṣé ẹfun ṣẹ́kù. Mo ní màá wá ọ̀nà sí i, tó bá kọ́kọ́ dá ajá mi padà. Mo sì ti já màrìwò kúrò lẹ́nu ọ̀nà, mo ta léèsì mi àtijọ́ síbẹ̀. Bàbá Awórìndé gba màrìwò náà, ó ní ibi tó yẹ ẹ́ wà. Bíńgò ti wálé, ó ń sùn nídìí àdògán bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Kí ìyá Mobọ́lá tó lọ, ó bèèrè ìdí tí n kò fi kun ojú kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà. Mo sọ fún un. Ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ náà. Ó wá ní ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú ọwọ́ ọkùnrin báyìí, ọmọ òun lè gbé ibẹ̀. Ó ní oúnjẹ ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ kò gbọ́dọ̀ ti ibòmíràn jáde, ẹni tó bá fi ṣọ́bìrì kan ògiri yẹn, kó lọ wá ìyàwó síbòmíràn. Ìwọ ni ó ń bá wí o.

Nítorí náà, owó tí o fẹ́ fún bíríkìlà, èmi ni kí o fi ránṣẹ́ sí. Má fi sí báńkì. Ọmọbìnrin ibẹ̀ ní kí n fọwọ́ síwèé, mo fọwọ́ sí i, ó ní kò jọ èyí tí mo fọwọ́ sí léṣìí. Mo ní èmi fúnra mi náà ò jọ ti èṣí mọ́, ó ní kí n padà wá. Fi rán awakọ̀. Mo fẹ́ fi ra odó tuntun lọ́dọ̀ àwọn agbẹ́gilére Ìtàjí, odó ńlá tí yóò gba ẹbí méjèèjì, nítorí mo ti fi odó mi ta ìyá Mobọ́lá lọ́rẹ, ó ní ìta ni òun yóò ti máa gún iyán báyìí. Bàbá Awórìndé ló bá wa gbé e sínú búùtù mọ́tò tó gbé ìyá Mobọ́lá lọ, ìdí odó yọ síta, obìnrin náà fi ọwọ́ kan dì í mú láti ojú fèrèsé títí wọ́n fi yí kọ́nà. Mo ti ń tọrọ odó fún ẹni tó ni fọ́tò yẹn láti ọjọ́ yìí, n kò mọ̀ pé tèmi ni Ọlọ́run ń wò.

Ilé rẹ yóò tura, ìyàwó rẹ yóò bí akọ bí abo, èéfín kò ní tán nínú ilé ìdáná rẹ. Ohun tí bàbá rẹ fi ọwọ́ mọ kò ní wó lójú rẹ. Tí ẹnikẹ́ni bá sì bi ọ́ lọ́jọ́ iwájú pé kí lo fi fẹ́ Mobọ́lá, má tijú, sọ fún un pé odó ìyá rẹ ni.

Èmi ni ìyá rẹ,
Àpínkẹ́, oní-táàpù.